Rósì Nínú Ọgbà Ilé ní Ìkòròdú: Bí A Ṣe Ń Gbìn Ín Tí Kò Fi Ní Kú

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìkòròdú ló ti gbin rósì rí tí ọwọ́ wọn kò tẹ nǹkan kan. Wọ́n á rà á lẹ́bàá títì nígbà tó kún fún òdòdó, wọ́n á gbé e délé tìdùnnú-tìdùnnú, wọ́n á máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kí oṣù méjì tó pé, ewé á ti rẹ̀ dànù, á wá ku ọ̀pá ẹlẹ́gùn-ún gbígbẹ nílẹ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ lẹ́yìn náà ni pé oòrùn ilẹ̀ wa ti mú jù fún òdòdó òyìnbó. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Oòrùn kọ́ ló ń pa rósì lágbègbè wa, omi ni: omi tó dúró sí ìdí rẹ̀ ló ń mú kí gbòǹgbò jẹrà, omi tó sùn sórí ewé rẹ̀ mọ́jú ló sì ń bí àrùn tí ń gbọn ewé dànù. Ẹni tó bá ti rí ọgbọ́n dá kí ìdí igi má rin gbingbin, kí ewé sì gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú, ti yanjú ohun tó ju ìdajì lọ nínú ìṣòro rósì.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ìyàtọ̀ ti wá. Púpọ̀ nínú àwọn rósì gígé tí wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè ń wá láti Kenya, àgàgà láti agbègbè adágún Naivasha, tó ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 1,880 mítà. Jos tiwa náà, níbi tí rósì ti ń ṣe dáadáa láìfi bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn lára, ga tó nǹkan bí 1,200 mítà. Bí ilẹ̀ bá ga tó báyẹn, òru rẹ̀ máa ń tutù, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í sì í kún fún ọ̀rinrin bíi tiwa. Ìkòròdú wà létí ọ̀sà. Ìrì ń sẹ̀ lóru, ooru ń mú lọ́sàn-án, òjò sì ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ó ń le jù lọ ní oṣù kẹfà, ó ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kó tó tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí a bá kà nínú ìwé àwọn ará ìlú òtútù kò lè bá wa mu bí a kò bá yí i padà. Àǹfààní kan wà, ẹ̀wẹ̀, tí àwa ní tí àwọn kò ní: kò sí ìgbà òtútù tó ń mú kí rósì sùn níbí, ó sì lè tanná yípo ọdún bí a bá tọ́jú rẹ̀.

Àgbà tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, nítorí náà n ó sọ bí èmi ṣe kọ́ ọ. Rósì mẹ́jọ ni mo kọ́kọ́ rà, ní oṣù kẹfà, mo sì tò wọ́n sẹ́yìn ilé mi ní apá Èbúté, lábẹ́ etí òrùlé, níbi tí mo rò pé òjò yóò ti máa bá mi bomi rin wọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Mo rò pé òùngbẹ ni, mo tún ń bu omi sí i. Màmá kan ládùúgbò, tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, yà kí mi lọ́jọ́ kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ìka wa ìdí ọ̀kan, wọ́n gbé erùpẹ̀ náà súnmọ́ imú, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìdí igi yìí ti ń rùn. Kì í ṣe omi ló ń wá.” Mo ní, “Ẹ ṣeun mà. Kí ni kí n wá ṣe sí i?” Wọ́n ní kí n hú u, kí n fi ojú ara mi rí i. Nígbà tí mo hú u, gbòǹgbò tó yẹ kó funfun ti dúdú, awọ rẹ̀ ń bó mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì ń rùn bí omi fùfú. Mẹ́fà kú nínú mẹ́jọ náà. Àwọn méjì tó yè ni àwọn tí mo gbìn sí ìparí ìlà, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀ tí òrùlé kò sì dé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé igi tó bá ń rọ nígbà tí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ṣì tutù, omi ló ti pọ̀ jù fún un.

Rírà

Rósì olódòdó ńlá kan ṣoṣo lórí ọ̀pá gígùn, irú èyí tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá fún olólùfẹ́, ni wọ́n ń pè ní hybrid tea. Ilẹ̀ Faransé ni La France, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀, ti jáde ní ọdún 1867. A lè gbìn ín ní Ìkòròdú, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìtọ́jú bí ọmọ ọwọ́, kò sì yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ fi í bẹ̀rẹ̀. Èyí tí mo gbà yín níyànjú láti wá ni rósì ìran China, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Rosa chinensis, àti àwọn tó bá a tan. Apá ibi tó móoru ní China ni ó ti ṣẹ̀ wá. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó sì máa ń jáde ní ìdì-ìdì, ṣùgbọ́n kì í sinmi. Òun náà ni ó fún àwọn rósì òde òní ní àbùdá títanná léraléra lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e dé Yúróòpù ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún.

Àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì kì í sábà mọ orúkọ irú rósì tó wà lọ́wọ́ wọn ju “pupa” àti “píǹkì” lọ, nítorí náà ojú yín ni kí ẹ fi ra á. Ẹ wá èyí tí ewé rẹ̀ nípọn tó sì ń dán, tí ó kéré tán ọ̀pá mẹ́ta ti yọ láti ìdí rẹ̀, tí kò sì ní àmì dúdú lára ewé ìsàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí òdòdó púpọ̀ tàn yín. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rudi sàn ju èyí tó ti tanná tán lọ, nítorí pé igi tó kún fún òdòdó ti ná gbogbo agbára rẹ̀ tán kí ó tó dé ilé yín. Ẹ gbé ọ̀rá rẹ̀ sókè kí ẹ wo ìsàlẹ̀: bí gbòǹgbò bá ti rún mọ́ ara wọn tí wọ́n sì ti yọ síta lọ́pọ̀lọpọ̀, ó ti pẹ́ jù níbẹ̀. Kí ẹ sì bi olùtajà bóyá inú oòrùn ni igi náà wà tẹ́lẹ̀ tàbí abẹ́ àtíbàbà. Bí ó bá jẹ́ abẹ́ àtíbàbà, ẹ fi í sí ibi tí oòrùn àárọ̀ nìkan ti ń dé fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ẹ tó gbìn ín, kí ewé rẹ̀ má baà jó.

Ìparí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá ni àkókò tó dára jù láti ra rósì níhìn-ín, nítorí pé òjò ń lọ, igi yóò sì ti ta gbòǹgbò kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ má rà á ní oṣù kẹfà.

Ibi tí a ó gbìn ín sí

Rósì ń fẹ́ oòrùn fún wákàtí 6 lójúmọ́, ó kéré tán. Bí ẹ bá ní àyè láti yàn, ẹ yan ìhà tí oòrùn ti ń yọ, nítorí pé oòrùn àárọ̀ ni ó ń gbẹ ìrì kúrò lórí ewé, iṣẹ́ yẹn sì ṣe pàtàkì níbí ju gbogbo ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lọ. Ẹ jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 3, ẹ jìnnà sí etí òrùlé, ẹ má sì gbìn ín sábẹ́ igi máńgòrò. Láàárín rósì kan sí èkejì, ẹsẹ̀ bàtà 3 náà ni. Ó lè dà bíi pé àyè náà ti pọ̀ jù nígbà tí igi ṣì kéré, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ń gbà láàárín wọn ni oògùn àkọ́kọ́ tí ẹ ó lò, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Kí ẹ tó gbìn ín, ẹ dán ilẹ̀ wò. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀, ẹ rọ omi kún un, ẹ jẹ́ kí ó fà tán, kí ẹ tún rọ ọ́ kún lẹ́ẹ̀kejì. Bí omi ẹlẹ́ẹ̀kejì bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 6, ẹ má gbin rósì sínú ilẹ̀ náà rárá, ebè ni kí ẹ kọ. Ilẹ̀ pupa Ìkòròdú máa ń fa omi dáadáa bí nǹkan kò bá tẹ̀ ẹ́ pa, ṣùgbọ́n àyíká ilé tuntun, níbi tí ọkọ̀ tó ń gbé búlọ́ọ̀kù àti yanrìn ti rìn, máa ń le gbagidi lábẹ́, omi á sì dúró síbẹ̀ bí ìgbà tó wà nínú àwo. Ebè tí mò ń sọ kì í ṣe ebè iṣu. Ẹ to búlọ́ọ̀kù yíká, ipele kan tàbí méjì, kí erùpẹ̀ inú rẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà kan ga ju ilẹ̀ lọ, kí ẹ sì fi àlàfo sílẹ̀ láàárín àwọn búlọ́ọ̀kù náà kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín lórí ebè báyìí, gbòǹgbò rósì mi kò jẹrà mọ́.

Ní ti erùpẹ̀, ṣọ́bìrì 3 erùpẹ̀ òkè, ṣọ́bìrì 2 ajílẹ̀ tó ti jẹrà tán, àti ṣọ́bìrì 1 yanrìn tí àwọn bíríkìlà ń pè ní ṣáápù ni mo máa ń pò pọ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ dára púpọ̀, ó sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń sin adìyẹ lágbègbè wa, ṣùgbọ́n tútù rẹ̀ gbóná, yóò sì jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ, ẹ bò ó, kí ẹ fi sílẹ̀ fún oṣù méjì ó kéré tán. Ìgbà tí kò bá rùn mọ́, tí kò sì gbóná mọ́ nígbà tí ẹ bá ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀, ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ajílẹ̀. Ilẹ̀ tó kan díẹ̀ ni rósì fẹ́, èyí tí àwọn onímọ̀ ń fi pH 6.0 sí 6.5 ṣe ìwọ̀n rẹ̀. Bí ilẹ̀ yín bá kan jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ilẹ̀ tí òjò ti ń wẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣe máa ń rí, ẹ̀kúnwọ́ eérú igi kan nídìí rósì kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, tó. Ẹ má fi ṣe àfikún ojoojúmọ́.

Gbígbìn

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ gbìn ín. Ẹ rin igi náà nínú ọ̀rá rẹ̀ dáadáa, ẹ fi abẹ ya ọ̀rá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ gbé e jáde pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ láìtú u ká. Ẹ wo ìdí ọ̀pá rẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tó wú bí oríkèé ìka, ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ́ rósì náà mọ́ gbòǹgbò rósì mìíràn, ó sì yẹ kí ibẹ̀ wà lókè erùpẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe lábẹ́. Èéhù èyíkéyìí tó bá yọ láti ìsàlẹ̀ ibi wíwú yìí kì í ṣe ti rósì tí ẹ rà. Ti igi ìsàlẹ̀ ni, bí ẹ bá sì jẹ́ kó dàgbà, òun ni yóò gba oúnjẹ mọ́ èyí tí ẹ fẹ́ lọ́wọ́. Ẹ fà á ya láti ìdí, ẹ má gé e, nítorí pé gígé máa ń mú kí ó tún hù.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ọwọ́ tẹ erùpẹ̀ mọ́ ọn níwọ̀nba, ẹ bomi rin ín, kí ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí èèpo igi bo ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí mẹ́rin. Kí koríko náà má kan ọ̀pá igi. Ẹ fi àyè ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ yíká. Ìbòlẹ̀ yìí ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń pa ilẹ̀ mọ́ ní tútù nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kò sì jẹ́ kí òjò ta erùpẹ̀ sára ewé ìsàlẹ̀, ibi tí àrùn ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Omi

Ìdí igi ni kí ẹ máa bu omi sí, láàárọ̀, kí ẹ má sì da á lé ewé lórí. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì: bí ìka bá tutù, ẹ fi igi náà sílẹ̀, bí ó bá gbẹ, ẹ bu nǹkan bíi lítà 10 fún rósì tó ti dàgbà. Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, èyí á máa tó ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Nígbà òjò, ó lè tó oṣù kan tí ẹ kò ní bu omi rárá. Fífún un ní omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sàn ju díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ lọ, torí pé omi tó bá wọlé jìn ló ń fa gbòǹgbò sísàlẹ̀.

Àmì dúdú lára ewé

Àrùn yìí ni ẹni tó bá fẹ́ gbin rósì ní Ìkòròdú gbọ́dọ̀ mọ̀ bí ẹni mọ owó. Ohun abẹ̀mí kékeré kan tó jẹ́ ìran ebu, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Diplocarpon rosae, ló ń fà á. Kí ó tó lè wọ inú ewé, ewé náà gbọ́dọ̀ tutù fún nǹkan bíi wákàtí 7 láìgbẹ. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò: òjò tó rọ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tàbí omi tí ẹ da sórí ewé ní aago mẹ́fà, yóò wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Òjò aago mẹ́wàá àárọ̀, tí oòrùn wá yọ lé lórí, kò lè ṣe irú ibi bẹ́ẹ̀. Òjò kò sí lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n àkókò tí a ń bomi rin igi wà lọ́wọ́ wa, ibi tí a gbìn ín sí àti bí ẹ̀ka rẹ̀ ṣe ṣí sílẹ̀ tó náà wà lọ́wọ́ wa.

Ẹ já ewé kan láti ìsàlẹ̀, kí ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Àmì tí àrùn yìí ń ṣe kò ní etí gígún bí ohun tí a fi bírò yí. Etí rẹ̀ tú wuruwuru bí ìgbà tí yíǹkì bá kán sórí aṣọ tútù. Ó lè kéré bí orí ìṣó, ó sì lè tó owó kọ́bọ̀ àtijọ́. Ewé á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ìyeyè láyìíká rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò já fúnra rẹ̀ bí ọwọ́ bá kàn án. Láti ìsàlẹ̀ ni ó ti ń gun òkè. Ẹni tó bá ń yẹ ewé ìsàlẹ̀ wò ní àràárọ̀ ọjọ́ Sátidé yóò rí i nígbà tó ṣì wà lórí ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹni tí kò bá wò ó, ìgbà tí igi bá dá sí ìhòòhò ni yóò mọ̀.

Bí ẹ bá ti rí i, ẹ já gbogbo ewé tó ní àmì, ẹ ṣa àwọn tó ti bọ́ sílẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sun wọ́n tàbí kí ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá sọnù. Wọn kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí ẹ ti ń ṣe ajílẹ̀. Fún àwọn ewé tó kù, ẹ po ṣíbí tíì kan békìn sódà mọ́ lítà omi kan àti ẹ̀kán ọṣẹ ìfọwo díẹ̀, kí ẹ fọ́n ọn sí òkè àti abẹ́ ewé ní kùtùkùtù, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kò ní wo èyí tó ti ṣàìsàn sàn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ ojú ewé di ibi tí àrùn kò ti fẹ́ràn láti gbé. Ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò bá rọ̀ mọ́ra wọn, ó lè má tó, oògùn ebu bíi mancozeb á sì wá wúlò. Ẹ rí i dájú pé ó ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ po ó ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀ gan-an, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, kí àwọn ọmọdé àti adìyẹ sì jìnnà. Èmi kì í lò ó bí kò bá di dandan.

Rírẹ́ ọwọ́ igi

Ẹ̀rù máa ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn láti fi abẹ kan rósì wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí igi á fi dí pa bí igbó. Orí ẹ̀ka tuntun ni rósì ti ń tanná. Bí a kò bá gé ti àtijọ́, tuntun kò ní rí àyè, atẹ́gùn kò sì ní ráàyè wọ àárín igi láti gbẹ ewé.

Ẹ wo ẹ̀ka rósì kan láti itòsí. Níbi tí ewé kọ̀ọ̀kan ti so mọ́ ọ̀pá, ẹ ó rí kókó kékeré kan tó pọ́n díẹ̀, tó dà bí ojú iṣu. Ojú náà ni ẹ̀ka tuntun yóò ti yọ, ibi tí ó bá kọjú sí ni ẹ̀ka yóò sì dorí kọ. Nítorí náà, ojú tó kọ síta ni kí ẹ wá, kí ẹ gé ọ̀pá náà ní òkè rẹ̀ gẹ́rẹ́, ní ìwọ̀n ìdajì èékánná, kí ojú ọgbẹ́ náà dà gẹ̀rẹ̀ sí òdìkejì ojú yẹn kí omi má baà ṣàn lé e lórí. Bí ẹ bá gé e jìnnà jù sí ojú, kùkùté tó kù lókè yóò gbẹ, yóò sì máa kú bọ̀ nísàlẹ̀. Bí ẹ bá gé e súnmọ́ ọn jù, ojú náà á gbẹ mọ́ ọn. Ẹ wá wo àárín ọ̀pá tí ẹ gé. Bí ó bá funfun bí inú ẹ̀gẹ́, ẹ ti dé ibi tó yè. Bí ó bá pọ́n bí awọ, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ojú tó tẹ̀lé e kí ẹ tún gé e, títí ẹ ó fi rí funfun.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mo máa ń rẹ́ ẹ wálẹ̀ gidi, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, tí mo sì máa ń mú ìdámẹ́ta gíga rẹ̀ kúrò. Ní oṣù kẹta, kí òjò tó dé, àárín igi nìkan ni mo ń là: ẹ̀ka tó ti kú, èyí tó tín-ínrín jù, àti méjì tó bá ń họ ara wọn. Láàárín ìgbà méjèèjì, òdòdó tó bá ti rọ ni kí ẹ máa gé, kí ẹ sọ̀kalẹ̀ dé orí ewé àkọ́kọ́ tó ní ọmọ ewé márùn-ún. Kí àlùmọ́gàjí tàbí ọ̀bẹ yín mú, kí ẹ sì fi sípíríìtì nù ún láti orí igi kan sí èkejì, nítorí pé irin ń gbé àrùn kiri.

Bí a ṣe ń mú un bí sí i

Ẹ̀ka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná tán, tó nípọn bíi pẹ́ńsù, ni kí ẹ gé, ní gígùn ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé kan, kí ó ní ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí abẹ́ ojú kan gẹ́rẹ́, ẹ já gbogbo ewé àyàfi ọ̀kan tàbí méjì tó wà lókè, kí ẹ rì í bọ ọ̀rá dúdú tí ẹ ti lu nísàlẹ̀, tí ẹ sì ti fi yanrìn ṣáápù àti ilẹ̀dú kún lọ́gbọọgba. Ojú méjì ni kí ó wọlé. Ẹ gé ìdí ike omi ńlá kan kúrò, ẹ dé e lé e lórí, kí ẹ sì ṣí ọmọrí ike náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójoojúmọ́. Abẹ́ ìbòòji ni kí ó wà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, bí ẹ bá fà á jẹ́ẹ́jẹ́ tó sì di ilẹ̀ mú, ó ti ta gbòǹgbò nìyẹn. Ìsinmi òjò inú oṣù kẹjọ dára fún iṣẹ́ yìí. Nínú ẹ̀ka mẹ́wàá, ẹ má retí kí gbogbo rẹ̀ yè.

Kòkòrò àti ẹran ọ̀sìn

Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé máa ń so mọ́ ìrudi bí iná ṣe ń so mọ́ ara adìyẹ. Bí ẹ bá rí èèrà tó ń gun rósì lọ sókè-sódò, àwọn ni wọ́n ń wá lọ, nítorí adùn tó ń jáde lára wọn. Ẹ fi ìka nù wọ́n kúrò, tàbí kí ẹ po ṣíbí tíì kan òróró dóńgóyárò mọ́ lítà omi kan àti ọṣẹ díẹ̀, kí ẹ fọ́n ọn ní kùtùkùtù ọjọ́ tí òjò kò ṣú, kí oyin tó jáde. Nígbà ọyẹ́, ewé tó bá rí bí ìgbà tí wọ́n bu eruku sí i lórí, tí okùn tín-ínrín bíi ti aláǹtakùn sì wà lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò pupa tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ló ń jẹ ẹ́. Ìgbà yìí nìkan ni mo gbà kí a fi omi fọ abẹ́ ewé, ní aago méje àárọ̀, kí ó lè gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ewúrẹ́ ní tiwọn fẹ́ràn rósì, ẹ̀gún kò sì dí wọn lọ́wọ́. Ọgbà pèrègún tó ṣù mọ́ra ni mo fi dènà tiwọn.

Àwọn òdòdó tó yẹ kó bá a gbé

Òfin omi kan náà ni kí ẹ fi yan wọ́n: èyí tó fẹ́ omi, ẹ fi sí ibi tí omi ń dà sí, èyí tí kò fẹ́, ẹ gbé e sókè. Ìdò, tí èso rẹ̀ dúdú tó sì le bí ọta, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín bí ẹ bá gbìn ín sí abẹ́ etí òrùlé tó pa rósì mi. Bougainvillea kò fẹ́ omi púpọ̀ rárá; ẹni tó ń bomi rin ín lójoojúmọ́ yóò rí ewé, kò ní rí òdòdó. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ dáadáa kí ẹ tó bu omi, ẹ ó rí bí yóò ṣe pọ́n. Hibiscus rọrùn, ẹ̀ka rẹ̀ tí a bá gé gbìn ń yọ láìpẹ́. Marigold, tó ti Mexico wá, ni mo máa ń gbin irúgbìn rẹ̀ sí àárín rósì, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ ń lé àwọn aràn wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀ tí ń bu gbòǹgbò igi mìíràn jẹ.

Ixora ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí díẹ̀, nítorí pé àwọn ènìyàn ń fi ìyà jẹ ẹ́ láìmọ̀. Gbogbo ilé ló ń tò ó sídìí ògiri, ewé rẹ̀ á wá di ìyeyè, iṣan inú ewé nìkan ni yóò ku tútù. Wọ́n á rò pé ajílẹ̀ ni kò tó. Ilẹ̀ tó kan ni ixora fẹ́, sìmẹ́ǹtì tó ń ṣí lára ògiri àti èyí tí bíríkìlà dà sílẹ̀ ń pa kíkan ilẹ̀ náà, igi kò sì wá rí irin inú ilẹ̀ fà mu mọ́. Ẹ ṣí i kúrò nídìí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 2, ẹ kó àwókù sìmẹ́ǹtì jáde, ẹ fi ilẹ̀dú dípò, ẹ má sì fún un ní eérú. Ewé tuntun ni yóò yọ ní àwọ̀ rẹ̀. Ewé tó ti pọ́n kì í sábà padà.

Ẹni tó wà ní Ẹ̀pẹ́ ní àǹfààní kan tí mo máa ń jowú: ìfun àti egungun ẹja pọ̀ ní ọjà wọn. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ jìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀, oṣù méjì ṣáájú kí ẹ tó gbin rósì sórí rẹ̀, kí ajá má baà hú u. Ewéko olódòdó elésè-àlùkò tó ń bo ojú ọ̀sà, èyí tó gba ọ̀nà omi Àgbádárìgì wọ Nàìjíríà ní ọdún 1984 tó sì ti ń da àwọn apẹja láàmú láti ìgbà náà, a lè kó òun náà, kí a sá a, kí a jẹ́ kó jẹrà di ajílẹ̀.

Ní Àgbádárìgì, iyọ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́. Ní ibi tó súnmọ́ òkun, atẹ́gùn ń gbé iyọ̀ lé ewé, omi kànga mìíràn sì máa ń níyọ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó bu ú sí rósì. Bí ahọ́n bá ti mọ iyọ̀ nínú rẹ̀, omi òjò tí ẹ gbè sínú dúrọ́ọ̀mù ni kí ẹ lò. Ẹ fi bougainvillea àti frangipani ṣe ọgbà sí ìhà òkun, nítorí pé wọ́n lè gba iyọ̀ náà mọ́ra, kí rósì wà lẹ́yìn wọn. Èèpo àgbọn tó pọ̀ níbẹ̀ dára láti fi bo ìdí igi, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi tó mọ́, kí ẹ da omi náà nù, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Òdòdó kan wà tí wọ́n ń gbìn káàkiri etí òkun, tó ń jẹ́ oleander. Ó rẹwà, ó sì ń gba iyọ̀, ṣùgbọ́n láti ewé dé gbòǹgbò rẹ̀ ni májèlé wà. Ilé tí ọmọdé bá wà, ẹ má gbìn ín síbẹ̀.

Láti ọjọ́ tí a bá ti rẹ́ rósì sí ọjọ́ tí yóò tún tanná, ọ̀sẹ̀ 6 sí 7 ni ó sábà máa ń gbà ní ojú ọjọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ já òdòdó inú ọgbà rẹ̀ sórí tábìlì lọ́jọ́ Kérésìmesì, láàárín ọjọ́ karùn-ún sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá ni kó mú àlùmọ́gàjí rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kó bu ẹ̀kúnwọ́ méjì ajílẹ̀ sí ìdí igi kọ̀ọ̀kan, kó sì bu omi tẹ̀lé e.